Òrùka Ìgbéyàwó ní Ìgbèríko Ìbàdàn

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ pìtàn rẹ̀ kéré púpọ̀ lójú. Kì í ṣe ohun tí a ń gbé rù, kì í sì í ṣe ohun tí a ń gbé kalẹ̀ sáàárín agbo kí gbogbo ènìyàn pé lé e lórí. Ìka kan ṣoṣo ni ó ń wọ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti dá ẹjọ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ baba kan náà, ó ti sọ ìyàwó kan di olóyè nínú ilé, ó sì ti sọ ìyàwó mìíràn di ẹni tí a ń bi léèrè pé, "Ta ni ó mọ̀ ọ́?" Òrùka ìgbéyàwó ni mo ń wí.

Bí a bá gba ọ̀nà Mọ́níyà ní Akínyẹlé, tí a ya sí Lálúpọn ní Lágelú, tí a tún gba Ẹgbẹ́dá kọjá títí a fi dé Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà, kò sí ìletò tí a kò ti ní í rí òrùka yìí lọ́wọ́ àwọn obìnrin, àti lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ìwòyí tilẹ̀ rò pé bí a ti dá ìgbéyàwó sílẹ̀ ni a ti dá òrùka mọ́ ọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjèjì ni òrùka ìgbéyàwó jẹ́ láàárín wa. Ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ti wá, kí a mọ ẹrù tí ó gbé wọlé, kí a sì mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa fi í ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé tí àjèjì náà bá. N kò sọ pé Yorùbá kò mọ òrùka tẹ́lẹ̀. A mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa a máa fi idẹ àti bàbà rọ ọ́. Àwọn kan ń wọ̀ ọ́ fún ẹ̀ṣọ́, àwọn mìíràn ń wọ èyí tí a fi oògùn ṣe, kí ibi má baà kàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, òrùka, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a yá lò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í fi òrùka sọ obìnrin di ìyàwó. Ohun tí ó ń sọ obìnrin di ìyàwó ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹbí méjì. Alárenà yóò ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ parí, àwọn ẹbí ọkùnrin yóò tọrọ, àwọn ẹbí obìnrin yóò ṣí ohùn, lẹ́yìn náà ni ìdána yóò dé, kí ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an tó pé. Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, kọ ìlànà yìí sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ wo àwọn ohun tí a ń gbé kalẹ̀ nígbà ìdána: obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, ọtí àti iṣu. Ohun kan pa gbogbo wọn pọ̀: jíjẹ ni wọ́n, mímu ni wọ́n. A ó pa obì, a ó pín in káàkiri, ẹni tí ó bá sì jẹ nínú rẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí nìyẹn. Bí ọjọ́ kan bá dé tí ẹnì kan sọ pé òun kò mọ̀ pé Àjọkẹ́ ni ìyàwó Àkànní, a ó bi í léèrè pé, "Ìwọ kọ́ ni o jẹ obì ní ọjọ́ náà?" Ẹ̀rí náà ti wọ inú gbogbo ẹbí lọ, kò sí ẹni tí ó lè bọ́ ọ sọnù, kò sì sí olè tí ó lè jí i gbé. Ìkejì ni pé ohun kọ̀ọ̀kan ní ìwúre tirẹ̀ nínú orúkọ rẹ̀. Orógbó ni a fi ń wúre pé kí tọkọtaya gbó. Obì ni a fi ń bi ibi dànù. Ataare kún fún ọmọ nínú, nítorí náà ni a fi ń tọrọ ọmọ. Èdè ni ó so àwọn ohun wọ̀nyí mọ́ ìgbéyàwó. Òrùka kò ní irú ìwúre bẹ́ẹ̀ nínú èdè wa. Nígbà tí ó dé, àwọn oníwàásù ni ó ní láti ṣàlàyé rẹ̀ pé bí òrùka kò ti ní ìpẹ̀kun ni ìfẹ́ kò gbọdọ̀ ní ìpẹ̀kun.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí akẹ́kọ̀ọ́ èdè kò gbọdọ̀ fojú fò. Nígbà tí ìyàwó bá wọ ilé, kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ ẹ nìkan ni ó ń pè ní ọkọ. Ọkọ ni àbúrò ọkùnrin náà, ọkọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kódà ọkọ ni ọmọ ọwọ́ tí a bí nínú agbo ilé náà kí ìyàwó tó dé. Agbo ilé ni ó fẹ́ ẹ. Òrùka kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìka obìnrin kan ni ó ń wọ̀, ọwọ́ ọkùnrin kan ni ó sì ti ń jáde. Níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Níbo wáá ni òrùka ti wá? Àwọn ará Róòmù ìgbàanì ni a lè tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Pliny, ọ̀mọ̀wé wọn kan tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, sọ pé òrùka irin tí kò ní òkúta iyebíye kankan ni a ń fi ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà ní àkókò tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi gba ilẹ̀ náà, ó bá àṣà yìí nílẹ̀, ó sì gbà á. Ní 866, Póòpù Nicholas Kìíní kọ ìwé sí àwọn ará Bulgaria, ó sì ka òrùka mọ́ ohun tí ọkùnrin ń fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ní 1549 ni Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òrùka sínú ètò ìgbéyàwó inú ìwé àdúrà wọn. Kì í sì í ṣe gbogbo Kristẹni ni ó gbà á: àwọn Puritan bá a jà kíkankíkan, wọ́n ní kò sí nínú Bíbélì, àṣà kèfèrí ni, àwọn Quaker kò sì lò ó rárá. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Nígbà tí òrùka yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, a rò pé ara ẹ̀sìn ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn náà gan-an ti bá a lójú ọ̀nà ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti bá a.

Ní Ìbàdàn, Kúdẹtì ni a ti lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. David Hinderer, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S. tí ó jẹ́ ọmọ Jámánì, kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní 1851. Ní 1853 ni ó mú Anna ìyàwó rẹ̀ wá, wọ́n kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì sí Kúdẹtì, wọ́n sì gba àwọn ọmọ sọ́dọ̀ láti kọ́ wọn ní ìwé. Títí di 1869 ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Láti inú irú àwọn ìjọ kékeré bẹ́ẹ̀ ni ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Òrùka kò sì dá wá. Ó mú òfin kan lọ́wọ́: ọkọ kan, aya kan. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n pàdé ní Lambeth ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fi ẹnu kò pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tí ó bá ní ju aya kan lọ, títí yóò fi gba òfin Kristi. Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ kan tí ó ní ìyàwó mẹ́ta, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bímọ fún un, tí a wá ní kí ó yan ọ̀kan. Ta ni yóò fi òrùka sí lọ́wọ́? Àwọn ọmọ àwọn méjì yòókù ń kọ́?

Ìbéèrè yìí ni ó wà lára ohun tí ó fa ìyapa nínú ìjọ. Ní 1891, àwọn kan ní Èkó dá ìjọ United Native African Church sílẹ̀. Ní 1901, àwọn mìíràn tún jáde kúrò nínú ìjọ C.M.S. ní Breadfruit, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó bí wọn nínú, pàápàá bí àwọn òyìnbó ti ń jẹ gàba lé àwọn àlùfáà ọmọ ilẹ̀ wa lórí. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọ wọ̀nyí gba olóbìnrin púpọ̀ mọ́ra, wọn kò sì lé e kúrò nínú agbo.

Ìjọ ni ó gbé òrùka wọlé, ṣùgbọ́n ìjọba ni ó fi eyín sí i lẹ́nu. Ní 1884, nígbà tí Èkó ṣì wà lábẹ́ ìṣàkóso Gold Coast, ìjọba ṣe òfin ìgbéyàwó kan. Ẹni tí ó bá gbé ìyàwó lábẹ́ òfin yìí kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Bí ó bá tún fẹ́ ẹlòmíràn ní ìlànà ìbílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni òfin kà sílẹ̀ fún un. Èyí tí ó wúwo jù ni ti ogún. Bí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi pín dúkìá rẹ̀. Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, opó ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọmọ ń gba ìdá méjì yòókù. Ẹ fi èyí wé ti ilé wa. Nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ni ó ń jogún baba wọn. A lè pín in ní ìdí-igi, kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, tàbí kí a pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù tilẹ̀ fi ọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole.

Ẹjọ́ tí ó kọ́kọ́ la àwọn ènìyàn lójú ni ti Cole, tí a dá ní Èkó ní 1898. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John William Cole gbé ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sàró ní 1874, ó sì wá ń gbé Èkó. Nígbà tí ó kú ní 1897, kò ṣe ìwé ìhágún. Àbúrò rẹ̀ ní òun ni àrólé nínú àṣà ìbílẹ̀. Opó rẹ̀ ní rárá, ọmọ òun ni. Ilé-ẹjọ́ dá opó láre. Àwọn adájọ́ ní ìgbéyàwó Kristẹni ti wọ ọkọ, aya àti ọmọ ní ipò kan tí àṣà ìbílẹ̀ kò mọ̀, kò sì lè bọ́ ọ kúrò lọ́rùn wọn. Ní 1924, nínú ẹjọ́ Smith, adájọ́ mìíràn ní Èkó dẹ okùn náà díẹ̀: ó ní kì í ṣe torí pé ènìyàn gbé ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni òfin Gẹ̀ẹ́sì yóò fi mú un, a ní láti wo bí ó ti gbé ayé rẹ̀ pẹ̀lú.

Báwo ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó yìí ṣe wá di ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní ìgbèríko Ìbàdàn? Kòkó ni ó gbé e dé. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn ará Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kòkó. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó. Kòkó kì í ṣe iṣu tí a ń wà tán lọ́dún. Igi ni, ẹni tí ó gbìn ín lè kú kí igi náà sì máa so fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ogún ṣe di ọ̀rọ̀ ńlá ní oko. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé sì tẹ̀lé owó kòkó wọ ìletò. Àwọn ọmọ tí ó kàwé níbẹ̀ fẹ́ gbé ìyàwó bí àwọn ọ̀gá wọn ti gbé e: aṣọ funfun, àkàrà òyìnbó, òrùka. Láti ìgbà náà ni orúkọ méjì ti wọ èdè wa: ìyàwó olórùka, tí a tún ń pè ní ìyàwó alárédè, àti ìyàwó ilé. Obìnrin tí ó ti ba ọkọ rẹ̀ kó kòkó láti àárọ̀ ọjọ́ lè wá rí i pé obìnrin tí ó dé gbẹ̀yìn ni a fi òrùka sí lọ́wọ́ ní ìgboro.

Òótọ́ ni pé òfin ti dáàbò bo àwọn ọmọ. Ní 1954, nínú ẹjọ́ Bamgbose àti Daniel, àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù pinnu pé àwọn ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ jẹ́ ọmọ gidi, wọ́n sì lè jogún baba wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń pín ogún náà. Òfin ilẹ̀ wa ti 1979, àti ti 1999 tí ó rọ́pò rẹ̀, sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀nà tí a gbà bí ènìyàn fi ohun kankan dù ú. Ọ̀rọ̀ ọmọ àlè ti tán lójú òfin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyàwó kò tán. Ìwé òfin Ìwọ̀-Oòrùn ti 1959, tí Ọ̀yọ́ jogún, ṣì fún aya olófin ní ìpín nínú ohun tí ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ. Ilẹ̀ ẹbí kò sí nínú rẹ̀, nítorí kì í ṣe tirẹ̀ láti hágún.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé dúró sí díẹ̀. Òfin ìgbéyàwó tí a ń lò lónìí kò béèrè òrùka rárá. Ohun tí ó béèrè ni pé kí a fi ìwé sọ fún akọ̀wé ìgbéyàwó ìjọba. Kí ọjọ́ 21 kọjá. Kí ó fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Kí oṣù 3 tó pé, kí a ṣe ìgbéyàwó náà ní ọ́fíìsì rẹ̀ tàbí ní ilé ìjọsìn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, lójú ẹlẹ́rìí méjì. Bí tọkọtaya bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní ibi tí kò ní àṣẹ, tàbí láìgba ìwé ẹ̀rí, òfo ni lójú òfin, bí òrùka náà ti wù kí ó máa tàn tó. Òrùka kàn jẹ́ orúkọ tí ojú lè rí fún ìwé tí ojú kì í rí. Ní Èkó ìgbà 1884, àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni. Ní ìgbèríko wa lónìí, wọ́n ti pínyà.

Mo ti bá àwọn ìyá kan sọ̀rọ̀ ní apá Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà nígbà ìsinmi. Bí mo bá bi wọ́n léèrè irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe, ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń nà sí mi kí n wo òrùka. Ìyá kan sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, alárédè ni mí, wò ó." Nígbà tí mo béèrè ìwé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní wòlíì ìjọ àwọn ni ó so àwọn pọ̀, pé kí ni a tún ń fi ìwé ṣe? Ìyá yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn sọ fún un ni ó gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n bí baálé rẹ̀ bá kú lónìí, òrùka náà kò ní lè sọ̀rọ̀ fún un ní ilé-ẹjọ́. Ohun tí yóò gbà á sílẹ̀ ni obì àtijọ́ náà: àwọn ẹbí tí ó jẹ ẹ́, tí wọ́n ṣì wà láàyè láti jẹ́rìí pé ìyàwó ilé àwọn ni, àti àwọn ọmọ tí ó bí.

Ìtàn òrùka kì í sì í ṣe ìtàn ìpalára nìkan. Àwọn ènìyàn wa ti ṣe ohun kan tí ó wù mí púpọ̀. Wọ́n mú àjèjì yìí, wọ́n kọ́ ọ ní ìwà ilé. Ẹ wo ọjọ́ ìdána ní ìgbèríko Ìbàdàn lónìí. Alága ìjókòó yóò ní kí ìyàwó wo gbogbo ẹrù tí a kó kalẹ̀, kí ó mú ọ̀kan tí ó wù ú jù. Ìyàwó yóò rìn káàkiri, yóò sì mú Bíbélì tàbí Kùránì; lára ìwé mímọ́ náà ni a so òrùka mọ́. Ojú gbogbo ẹbí ni a ti ń tú u. Nínú ilé Mùsùlùmí pàápàá, níbi tí ó jẹ́ pé yìgì tí a so àti owó sàdáàkì ni ó fi ìdí ìgbéyàwó múlẹ̀, òrùka ti wọlé láìmú òfin Gẹ̀ẹ́sì dání. Ohun tí ó jẹ́ ti ẹni méjì tẹ́lẹ̀ ti di ẹrù ìdána, ó jókòó ti obì àti orógbó, àwọn àgbà sì ń wúre lé e lórí. Lójú mi, èyí dára púpọ̀. Ohun tí kò dára ni kí a gba òrùka, kí a sì rò pé òfin ti bá a wọlé.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, àwa ni a lọ sí ilé-ìwé nínú agbo ilé wa. Àwa ni a ó pè nígbà tí ọ̀rọ̀ ogún bá dé, pé kí a wá ka ìwé. Ó sàn kí a ka ìwé náà fún wọn kí ọ̀rọ̀ tó dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀, kí ó ṣe é kí ó pé, kí ẹbí méjèèjì sì jẹ obì lójú ara wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti òfin, kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé, kí ó mọ̀ pé obìnrin kan ṣoṣo ni òun yàn, kí ó sì fi ìwé rẹ̀ pamọ́ sí ibi tí ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Bí a bá wá fẹ́ fi òrùka kún un, kò burú. Ẹ̀ṣọ́ dára lọ́wọ́ ìyàwó. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ẹ̀fà lásán ni. Èyí tí ó ju èje lọ wà lẹ́yìn rẹ̀.